Sàlẹ́ńsà Bàbá Ọ̀rẹ́olúwa

Bí Dátsùn Awóníyì bá ń ti Ẹnuwá bọ̀, adití gan-an á mọ̀. Ìpáàrà ti jẹ sàlẹ́ńsà rẹ̀ débi pé bó bá ti tẹ iná mọ́ ọn, á kọ́kọ́ máa ha bí ẹni ń wọ́ páànù lórí òkúta, bó bá wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkèrèwè, á bú bí ìbọn ọdẹ. Ewúrẹ́ á fò kúrò lójú títì. Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án á jí, á ṣépè. Awóníyì fúnra rẹ̀ á gbé orí sókè nídìí ọkọ̀, á máa wo iwájú bí ẹni pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń dún. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n panu mọ́. Ogbó dé, òun ló wá ń gbé ariwo kiri àdúgbò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ariwo náà ń ṣe lóore, ìyẹn Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀.

Ìbídàpọ̀, àkọ́bí wọn, ló fẹ́ Ọlátẹ́jú, ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ fara kanra débi pé bí o bá sín níhìn-ín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á kí ọ ní pẹ̀lẹ́, síbẹ̀ ìjà ti ń là wọ́n láàárín láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Nínú ọ̀kan nínú ìjà wọ̀nyẹn ni wọ́n sun ilé oko Awóníyì, tòun ti kòkó tó wà nínú rẹ̀. Kò mọ ẹni tó sun ún. Nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló sun ún lójú tirẹ̀. Ọjọ́ tí Ìbídàpọ̀ kó ẹrù lọ sílé ọkọ, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilé òun mọ́, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ kan ilé ọkọ rẹ̀. Kódà, bí o bá pè é ní Bàbá Ìbídàpọ̀ bí gbogbo ayé ti ń pè é tẹ́lẹ̀, kò ní dáhùn. Bàbá Ọ̀rẹ́olúwa ni kí ẹ máa pe òun, orúkọ àbúrò Ìbídàpọ̀ tó wà ní Ìbàdàn.

Ìbídàpọ̀ wá bímọ. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Khàdíjàh. Ìyá Ọlátẹ́jú ti kú, kò sí àgbà obìnrin kankan nílé ọkọ tí yóò wẹ ọmọ tuntun. Ta ni yóò na apá rẹ̀? Ta ni yóò tẹ ìpàkọ́ rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè rí roboto, tí yóò jù ú sókè hán an kí ẹ̀rù má máa bà á? Ṣé kí Ọlátẹ́jú bọ́ ṣòkòtò kó jókòó lórí àpótí ni? Ìyá ìyá ọmọ ló ń ṣe é. Nítorí náà, bí Awóníyì bá ti lọ sídìí ayò ní Ẹnuwá, Ìbídàpọ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ọmọ. Bí Dátsùn bá ti bú ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Àṣàbí á da omi nù, Ìbídàpọ̀ á pọn ọmọ, á sì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Kí ọkọ tó dé, Àṣàbí á ti wà lórí àga níwájú ilé, á máa ṣa ẹ̀wà.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di ọjọ́ Ìsinmi kan tí Awóníyì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ bú lẹ́nu ọ̀nà, oníwàásù dákẹ́ lórí àga ìwàásù, ó dúró dè é títí ó fi pa ọkọ̀. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Awóníyì débi pé kò lè kọrin.

Níbi ayò lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ ṣe sàlẹ́ńsà, àmọ́ tuntun kò sí nínú ohun tí agbára òun ká. Ọdẹ́wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó nílẹ̀ lẹ́bàá títì níbi tí Ifẹ̀ ti fẹ́ di Modákẹ́kẹ́, sọ fún un pé wẹ́dà kan wà lórí ilẹ̀ òun.

"Kò ní sọ pé kó o ra nǹkan kan. Á bá ọ lẹ̀ ẹ́, á bá ọ jó o pọ̀."

"Ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ òdìkejì ni. Abdulrazaq. Ọwọ́ rẹ̀ dá."

"N kò fẹ́."

"Tíṣà, ṣé sàlẹ́ńsà lo fẹ́ jó, àbí o fẹ́ fọmọ fún un?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bojú wolẹ̀, wọ́n ń ka ọmọ ayò tí kò yẹ ní kíkà. Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ahọ́n òun ti sáré ju òun lọ. Awóníyì dìde. Bóyá ìbínú ló gbé e débẹ̀, bóyá ó fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò dun òun ni o, ọ̀dọ̀ wẹ́dà náà ló wa ọkọ̀ lọ tààrà.

Abdulrazaq kì í ṣe onítìjú ènìyàn. Bó ṣe ń yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń jáde ló tún ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ta ló ṣe èyí fún yín tẹ́lẹ̀? Agolo mílíìkì ni wọ́n wé mọ́ ọn. Ṣé tíì ni ọkọ̀ yín ń mu?"

Ó gé ibi tó ti jẹrà dànù, ó gé irin lára àgbá epo àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ bo páìpù, ó fa gíláàsì dúdú bojú, ó sì jó o yíká. Ó wá fi wáyà so ìdí rẹ̀ kọ́ kó má baà máa gbọ̀n. Nígbà tó parí, ó ní kí Awóníyì tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kàn ń kùn bí ológbò tó yó.

"Bó bá dún padà, Bàbá, ẹ wá wà á gorí àyà mi."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọṣẹ wà lára Khàdíjàh. Àṣàbí na ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ dojú bolẹ̀ lórí ojúgun rẹ̀, ó ń fi kànìnkànìn ra á lẹ́yìn, ó ń kì í. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó gbọ́ ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó pa dé níwájú ilé, àti ohùn ọkọ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àṣàbí dà?"

Ìbídàpọ̀ gbé ọmọ tòun tọṣẹ, ó sá gba ẹ̀yìn ọgbà, nínú ọyẹ́ tó ń fẹ́ bí ọ̀bẹ. Awóníyì yọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú bàsíà omi gbígbóná àti òrí.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ fọ aṣọ ni."

"Pẹ̀lú òrí?"

"Ẹsẹ̀ ló ń là mí."

Kò tilẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á lọ síwájú ilé. "O kò gbọ́ mi nígbà tí mò ń bọ̀, àbí? Wá wò ó." Ó ṣíná ọkọ̀ náà, ó pa á, ó tún ṣíná rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ó ti pẹ́ tí Àṣàbí ti rí ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀. Ó bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ìbídàpọ̀ tún dé, ọmọ ti ń wúkọ́.

"Màmá, n kò lè máa gbé e sá nínú òtútù báyìí. Bí a kò bá ní mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Awóníyì ti wọ balùwẹ̀, Àṣàbí mú ìṣó gbọọrọ kan, ó gbé ọmọ ọlọ tó fi ń lọ ata, ó sì dùbúlẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì lábẹ́ ọkọ̀. Kò lu ojú ibi tí wẹ́dà jó, ibẹ̀ le. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lù, níbi tí irin àtijọ́ ti fẹ́lẹ́. Ó fi àkísà bo ìdí ìṣó kó má baà dún. Ìṣó náà wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ. Ihò kékeré ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ta ni yóò tìtorí ihò kékeré kú?

Èéfín kì í fi ihò kékeré sílẹ̀ ní kékeré. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Dátsùn ti ń bú.

Awóníyì padà sọ́dọ̀ Abdulrazaq. Wẹ́dà náà bẹ̀ ẹ́, ó ní bóyá òun kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣàbí tún lu ú. Ó tún un ṣe. Àṣàbí tún lu ú. Bí ọ̀kan ṣe ń jó ni èkejì ń lu. Ọkọ̀ á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, á tún bú, Khàdíjàh á sì wẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu Awóníyì kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ní Ẹnuwá, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. "Wọ́n sun ilé wa, ó kù sàlẹ́ńsà. Mo mọ̀. Ẹ kò lè rí ọmọ ibẹ̀ tí yóò fi inú kan ṣiṣẹ́ fún ọmọ Ifẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu rẹ̀ kúrò, ó ń dá rìn. Ẹni tí géètì rẹ̀ já ní àṣé ohun tó fà á nìyẹn. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán, tí Abdulrazaq kò fọwọ́ kàn rí, bú u pọ̀ mọ́ wọn. Nídìí ẹ̀rọ omi, Àṣàbí gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tó ń gbé korobá: "Wẹ́dà kan wà níbẹ̀ yẹn, ó ní bóun bá ti mọ̀ pé Ifẹ̀ ni ẹ́, òun á fi ihò pamọ́ sínú iṣẹ́ rẹ." Àṣàbí gbé omi rẹ̀ láìtíì kún. Ìṣó kan ṣoṣo ló lù. Kò mọ̀ pé ìlú ni òun ń lù.

Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ọ́, ibo ni yóò ti wẹ ọmọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abdulrazaq fúnra rẹ̀ wá sílé. Kò rí Awóníyì bá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ṣagbe.

"Ẹ kúulé, Ìyá. Mo ní kí n wá wo ibi tí Bàbá ń gbé ọkọ̀ sí ni, bóyá òkúta ló ń gbá a nídìí."

Àṣàbí bu omi fún un. Ìbídàpọ̀ àti ọmọ wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ wọn. Ọmọkùnrin náà mu omi, ó ń wo inú ife.

"Ìyá, ó jọ pé ojú mi ló ń lọ. Iná tí a fi ń jó irin yìí, ó máa ń pa ojú àwọn mìíràn. Mo máa ń wo iṣẹ́ yẹn, mo máa ń rí i pé ó pé. Bàbá á tún gbé e dé, n ó sì rí ihò. Mo rò pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí n kò rí i ni." Ó gbé ife sílẹ̀. "Wọ́n fún mi ní géètì mọ́ṣáláṣí ṣe. Mo ti ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Bí géètì mọ́ṣáláṣí bá wó lu ènìyàn ńkọ́?"

Khàdíjàh sunkún nínú yàrá.

"Ẹ ní ọmọ tuntun nílé?"

"Ọmọ ayálégbé ni."

"Ọlọ́run á wò ó," ni Abdulrazaq wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àṣàbí wẹ ọmọ lọ́jọ́ yẹn, kò kì í.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Awóníyì ń gbé Àṣàbí lọ síbi ìsìnkú ìbátan wọn kan. Wọn kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ fi bú. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́bàá títì ba mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìnbọn sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Awóníyì yí ọkọ̀ padà lójú títì, ó forí lé ìdí iṣẹ́ wẹ́dà.

"Bàbá Ọ̀rẹ́, òkú ń dúró dè wá."

"Òkú kì í kánjú."

Kó tó pa ọkọ̀, ó ti ń pariwo. Àwọn panẹ́bítà tó ń lu ara ọkọ̀ nítòsí jáde, àwọn awakọ̀ takisí dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ọdẹ́wálé tó ni ilẹ̀. Nígbà tó fi dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí sàlẹ́ńsà. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n lé e kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn kan láti òdìkejì náà ti yọ, wọ́n ń bèèrè ẹni tó fẹ́ lé ta ni. Abdulrazaq dúró láàárín wọn, gíláàsì dúdú rẹ̀ wà níwájú orí. Àṣàbí wà nínú ọkọ̀, ó ti yí gíláàsì sókè, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.

"Abdulrazaq," ni Ọdẹ́wálé wí, "ìgbà tí mo fún ọ ní ilẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn mi bú mi. Mo gbé e mì. Sọ fún mi lónìí, ṣé ò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"N kò mọ̀ọ́mọ̀, Bàbá."

Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀, ó mú irin kan nílẹ̀. "Èyí lo fi ń jẹun. Fi ahọ́n kàn án, kó o ní iṣẹ́ tí o ṣe fún Tíṣà, o ṣe é pé. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún yanu sí i, èmi ni yóò bá."

Lẹ́mọ́mù ni ọ́ o, pásítọ̀ ni ọ́ o, bó o bá ń fi irin jẹun, o kì í fi irin ṣeré. Abdulrazaq gba irin náà, ó nù ún lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dá a padà.

"N kò lè búra pé mo ṣe é pé."

"Kí lo wí?"

"Lójú mi, ó pé. Ṣùgbọ́n ojú mi ni n kò fọkàn tán mọ́, Bàbá. Bó bá jẹ́ pé ihò wà níbẹ̀ tí n kò rí ńkọ́? N kò lè fi irin purọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀," ni Awóníyì wí. "Ẹ ní mò ń ṣàsọdùn."

Èjìká Ọdẹ́wálé wálẹ̀. "Kó ẹrù rẹ, ọmọ mi. N kò ní ọ̀rọ̀ tí n ó tún bá wọn sọ."

Abdulrazaq yí padà láti lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò bá wọn jà, ìyẹn ni Àṣàbí kò lè gbà. Bó bá bú wọn, bó bá ṣépè, ì bá rọrùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lára rẹ̀.

"Ẹ gbé irin yẹn fún mi."

"Ìyàwó Tíṣà, ẹ padà sínú ọkọ̀," ni awakọ̀ kan wí. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Ihò náà kì í ṣe ti ọkùnrin." Ó gba irin lọ́wọ́ Ọdẹ́wálé, ó fi ahọ́n kàn án, ó rí lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. "Èmi ni mo lu ú. Ìṣó àti ọmọ ọlọ ni mo fi lu ú. Gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin yìí jó o, ó jó o pé. Èmi ni mò ń dá a lu tẹ̀lé e."

Awóníyì wò ó bí ẹni ń wo àlejò. "Orí rẹ pé, Àṣàbí?"

"Ó pé."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ọmọ Ìbídàpọ̀ ni mò ń wẹ̀ nílé. Bí ọkọ̀ yín bá ń dún, màá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ìyá rẹ̀ á gbé e sá. Bí kò bá dún, n kò ní mọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó fi ikọ́ bò ó. Awóníyì wo Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́wálé wo ilẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ láìwẹ̀yìn. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abdulrazaq jókòó lórí àgbá òfìfo kan.

"Ojú mi kò wá ṣe nǹkan kan, Ìyá?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bojú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yọ wọ́n, kì í ṣe ayọ̀ ló wà níbẹ̀. "Mo wá bá yín nílé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún yín. Ẹ ń gbọ́ mi, ẹ sì bu omi fún mi."

Àṣàbí kúnlẹ̀ nínú epo dúdú tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Abdulrazaq wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Àgbà tó bímọ ju mi lọ ń kúnlẹ̀ fún mi lójú títì. Ṣé ẹ tún fẹ́ gbé ìyẹn lé mi lórí ni?" Ó dìde, ó wọ inú àtíbàbà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Wọn kò lé e mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé géètì mọ́ṣáláṣí fún ti gbé e kọ́, ó sì dára. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní Ẹnuwá kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìkejì. Àwọn tó gbọ́ ọ ní àwọn àna rẹ̀ ni Àṣàbí ń bò láṣìírí, ta ni kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Àṣàbí lọ bá obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi yẹn, ó sọ ọ́ fún un ní ojúkojú. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe sàlẹ́ńsà nìkan." Ó gbé omi rẹ̀ lọ.

Nílé, Awóníyì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kò lọ sídìí ayò mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló yanu.

"O jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ kárí ìlú."

"Èmi lu irin, Bàbá Ọ̀rẹ́. Èyí tí ẹ sọ, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́, ó dìde. Kò lọ.

Láti ìgbà náà, Àṣàbí ló ń lọ sí Modákẹ́kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó gbé òrí àti kànìnkànìn lọ́wọ́, tó ń gba títì ńlá lójú gbogbo ayé. Awóníyì rí i, kò ní kó lọ, kò ní kó má lọ. Ọ̀nà mìíràn wà tó lè gbà. Iwájú àtíbàbà Abdulrazaq ló ń gbà.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," á wí.

Abdulrazaq á fa gíláàsì dúdú bojú, á sì tanná sí irin. Àṣàbí á dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣì lè dá lóhùn, kó tó lọ wẹ ọmọ.